Káàdì Kan fún Gbogbo Ilé

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ fée ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ èyí sí. Mo mọ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín báyìí, torí mo ti dúró lórí rẹ̀ rí. Mo sì tún ń kọ ọ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́ tí ẹ kò tíì kà á sí, nítorí inú ẹgbẹ́ yín ni mo wà fún oṣù márùn-ún gbáko. Orúkọ mi ni Fọlákẹ́. Nílé àti lọ́jà, Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ata gbígbẹ ni mò ń tà ní Mile 12. N kì í ṣe dókítà, ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí kò bá ta ata gbígbẹ rí kò lè mọ bí ikọ́ ṣe ń di ará ilé. Bí a bá tú àpò ata kan báyìí, tí eruku rẹ̀ gòkè, gbogbo ìlà wa ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí ẹni tuntun bá dé sí àárín wa, tó ń sín tó ń da omi lójú, ẹ̀rín la máa ń fi rín in, a ó ní ọjà ti gbà á wọlé. Ikọ́ ọjà là ń pè é. Àlàájà tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tí wọ́n ti ń ta ata kí n tó lọ́kọ, máa ń sọ pé ẹni tí kò bá wúkọ́, ọjà rẹ̀ ò tà lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, ní ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀, n kò wo ojú rẹ̀. Mo mu omi, mo jẹ orógbó, mo tú àpò mìíràn.

Nígbà tó di oṣù kejì, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lórí ibùsùn débi pé ojoojúmọ́ ni mò ń sá aṣọ ìbora. Ìró tó máa ń yí mi ká lẹ́ẹ̀kan ti ń yí mi ká lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Àwọn obìnrin ọjà ní ara mi ti fúyẹ́, wọ́n ń bi mí léèrè ohun tí mò ń jẹ. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta, tí wọ́n wá ń sọ fún pé ó ti padà di ọmọge, ṣé yóò torí ìyẹn gba ọsibítù lọ ni?

A sì ní dókítà tiwa. Ní Kétu, ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé wa, ni ọsibítù kékeré kan wà, gbogbo àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀. Daddy ni gbogbo wa ń pe dókítà tó ni ín. Àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Tọ́pẹ́, Fẹ́mi, àti Mọ́rẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Bí o bá wọlé tọ̀ wọ́n, wọn kò ní béèrè orúkọ rẹ. Wọ́n á béèrè ọkọ rẹ, wọ́n á béèrè ìyá ọkọ rẹ, wọ́n á béèrè ọjà, ọwọ́ wọn á sì ti máa kọ oògùn lọ. Ohun tí a fẹ́ràn nínú wọn gan-an nìyẹn.

Ìlànà ibẹ̀ ni pé ilé kan, káàdì kan. Orúkọ ọkọ mi ló wà lára tiwa. Ohunkóhun tó bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: inú rírun Fẹ́mi, ibà ọkọ mi, eyín Bùsọ́lá, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í sábà kọ ẹni tó ni àìsàn síwájú rẹ̀. Daddy mọ gbogbo wa, kí ni wọ́n tún ń kọ orúkọ fún? A máa ń fi ọsibítù yìí yangàn sí àwọn tó ń lọ tò sí tìjọba.

Ìgbà àkọ́kọ́, èmi fúnra mi lọ. Daddy rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ata yín ti tún dé. Ẹ̀yin aláta yìí, ọ̀fun yín á sinmi lọ́jọ́ kan ṣá." Wọ́n fún mi ní oògùn ikọ́ olómi, wọ́n fi oògùn ibà tì í. Wọn kò gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí mi láyà. Èmi náà kò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n gbé e.

Ìgbà kejì, ọkọ̀ ata ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè ọya dé, n kò ráyè. Mo rán Bùsọ́lá. Mo ní, "Sọ fún Daddy pé ikọ́ yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó gba oògùn wá. Ìgbà kẹta, ọkọ mi ló yà gbà á nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀ bọ̀. Ìgbà kẹrin, Fẹ́mi ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, Bùsọ́lá sì gba ti àwa méjèèjì pọ̀. Ìgbà karùn-ún, òun náà ni mo tún rán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, gbogbo ilé tó ní dókítà tirẹ̀ ló ń ṣe é. Nínú oṣù márùn-ún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Daddy fi ojú kàn mí.

Láàárín èyí, àwọn ẹbí ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi fi gálọ́ọ̀nù àgbo kan ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni. Ó korò débi pé mo ń sá fún un nínú ilé ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bísí, ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo.

Wọ́n bi mí pé, "Ta lẹ jọ ń du oníbàárà lọ́jà?"

Mo ní, "Gbogbo wa la jọ ń du oníbàárà, Àǹtí. Ọjà ni."

"O ń ṣeré. Bí o ṣe gbẹ yìí kì í ṣe ojú lásán. Jẹ́ ká lọ bá wòlíì mi, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni."

Mo ní ẹni tó bá ti ìsọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún ní Mile 12, kò tún ní ìsọ̀ mọ́. Wọ́n bínú lọ. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n sì ń dákẹ́ bí mo bá yọ. Ní àkókò yẹn, ẹni tó bá ti rù, tó tún ń wúkọ́, àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sí i lọ́rùn, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àárọ̀ ni, mò ń da ata sínú kóńgò, ikọ́ kan wá gbé mi láti ìsàlẹ̀ ikùn. Mo fi aṣọ ìnujú bo ẹnu. Nígbà tí mo wò ó, mo rí nǹkan pupa. Mo kọ́kọ́ rò pé èèpo ata ni. Mo fi ìka nù ún, ó fẹjú. Èèpo ata kì í fẹjú bẹ́ẹ̀. Àlàájà ti rí i kí n tó ká aṣọ náà kò. Wọ́n gba kóńgò lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Dìde, máa lọ. Màá bá ẹ tajà. Má dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́jà yìí."

Mo gba ọ̀dọ̀ Daddy lọ tààrà. Daddy kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti lọ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú wọn, ọmọbìnrin kan ló ń dúró fún wọn, ara rẹ̀ kéré, a sì ti ń pè é ní Dókítà Kékeré. Nọ́ọ̀sì gbé káàdì wa síwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ó wà níwájú yín níbẹ̀."

"Orúkọ ọkùnrin ló wà níbí, mà."

"Ọkọ mi ni. Daddy mọ̀ wá."

Ó ní, "Èmi ò mọ̀ yín. Ẹ má bínú." Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó wá mú bírò, ó fi ìka lé ìlà kan nínú káàdì náà. "Ikọ́ wà níbí. Ta ló ń wúkọ́ nígbà yẹn?"

Mo ní èmi ni.

"Èyí ńkọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ní èmi náà ni.

"Èyí?"

Mo rò ó. Mo ní, "Èmi àti Fẹ́mi, ọmọ mi. Fẹ́mi sàn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bi mí láti ojú ewé dé ojú ewé, èyí tó bá sì jẹ́ tèmi, á fi bírò fa ìlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín ibà ọkọ mi àti eyín Bùsọ́lá ni wọ́n há mọ́. Nígbà tó parí, ó yí káàdì náà sọ́dọ̀ mi. Ìlà márùn-ún ni mo rí. Ó ní, "Mà, ẹ wò ó. Èyí kì í ṣe ikọ́ márùn-ún. Ikọ́ kan ṣoṣo ni, kò lọ rí."

Ó ní kí n yí ẹ̀yìn sí òun. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó tutù, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó kọ ìwé fún mi sí ọsibítù ìjọba, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mi sí i, Fọlákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn lórí ìwé.

Ní ọsibítù ìjọba, mo tò bí gbogbo èèyàn. Ìgo kékeré kan ni wọ́n fún mi pé kí n máa tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ sí, kí n tún gbé e padà wá. Àwọn tó mọ ohun tí ìgo yẹn wà fún ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Bí mo bá jókòó sí ìpẹ̀kun, ìdajì bẹ́ǹṣì á di tèmi. Àyè gbà mí dáadáa. Lẹ́yìn ìgo, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wo àìsàn kejì tí wọn kì í dárúkọ. Ìyẹn kò sí lára mi. Ikọ́ fée ni. Nọ́ọ̀sì àgbà tó sọ fún mi kò pariwo, kò sì fi ọwọ́ bo imú. Ó ní, "Ó ń sàn, mà. Ọ̀fẹ́ loògùn ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Bí ara yín bá yá ní oṣù kejì, ẹ má rò pé ó tán. Àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ la kì í rí mọ́." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Wọ́n yẹ àwọn ọmọ wò. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá ọkọ mi dé. Wọn kò bá mi jà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mi ò lé ẹ o. Àìsàn ṣeé wò, a ó máa bẹ Ọlọ́run. Ọmọ ni mò ń gbé sá." Wọ́n di ẹrù àwọn ọmọ, wọ́n pọn Mọ́rẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn wọn. Mo fi ìborùn bo ẹnu, mo fà sẹ́yìn. Ó rò pé eré ni mò ń bá òun ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀rù ju ikú lọ: kí n sàn tán kí ọmọ yẹn má mọ̀ mí mọ́.

Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Ìhòòhò ni mo wà fún oṣù mẹ́jọ. Ọkọ mi lọ ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bùsọ́lá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kó àga méjèèjì dání, n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Abọ́ kan, ṣíbí kan, kọ́ọ̀pù kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé gbé sítóòfù wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi á wá, á gbé oúnjẹ kọ́ ìdè ilẹ̀kùn, á lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé, a ó máa sọ̀rọ̀ láti inú nẹ́ẹ̀tì. N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Mo máa ń bi í pé, "Mọ́rẹ̀ ńkọ́?" Á ní, "Ó wà. Ó ti ń sáré." Bó bá lọ, ohùn mi kì í tún jáde títí di Sátidé mìíràn, àyàfi "ẹ káàárọ̀" tí mo bá kí nọ́ọ̀sì.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rìn lọ gbé oògùn mì lójú nọ́ọ̀sì náà fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Oògùn náà ń sọ ìtọ̀ di pupa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo jókòó sílẹ̀ ní ilé ìwẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo ti sọ fún yín báyìí, ẹ má sunkún nítorí ìyẹn. Ẹ tọ́jú ẹkún yín fún ọ̀sán Sunday, nígbà tí gbogbo ilé bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ìró ṣíbí ń dún ní yàrá gbogbo, tí ẹ̀yin nìkan ń gbọ́ ṣíbí ti ara yín. Ìyẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó ṣìlé ni. Daddy ni. Wọ́n ti ṣe ojú wọn tán, wọ́n wọ awò tuntun. Wọn kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n wo ibi tí wọn yóò jókòó, kò sí àga, ni wọ́n bá jókòó sórí ibùsùn mi.

Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ fún mi lómi mu."

Mo ní, "Kò sí kọ́ọ̀pù nílé yìí, Daddy, àfi tèmi."

Wọ́n ní, "Ṣé kọ́ọ̀pù ni mo béèrè ni?"

Mo bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n gbé kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Dókítà Kékeré fi káàdì yín hàn mí. Mo rò pé mo mọ̀ yín ni. Ẹni téèyàn bá ti mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú kì í wò ó mọ́. Ẹ má bínú."

Inú ń bí mi. Mò ń rò ó lọ́kàn pé bí ẹ bá gbé nǹkan yín yẹn sí mi láyà lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ mi ì bá wà lórí ẹsẹ̀ mi báyìí. Àmọ́ mo tún rántí pé ta ló rán Bùsọ́lá? Ta ló jókòó ti ata? Àwa méjèèjì la jọ sọ ikọ́ yẹn di ará ilé. Síbẹ̀, àwọn ni dókítà, èmi kọ́. N kò dárí jì wọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ, mo wo ibi tí wọ́n jókòó sí lórí ibùsùn, aṣọ rẹ̀ ká wọnú, n kò sì tẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti ní ẹni tó bá ti lo oògùn tó bí èmi ṣe lò ó kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n pe ọkọ mi lórí fóònù, wọ́n sọ fún un. Ìyá ọkọ mi ló ní rárá, kí n lò ó tán.

Ẹlòmíràn tó tún wá ni Àlàájà. Àwọn dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì bí ọkọ mi. Wọ́n kí mi, wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà títí, wọn kò lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, báwo gan-an ni tìẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?" Mo mọ̀ pé ikọ́ ọjà ni wọ́n ń bi mí. Mo ní, "Àlàájà, ẹ gba ìgo lọ́la." Wọ́n gbà á. Tiwọn kì í ṣe ikọ́ fée, ata ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lọ wò ó kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo lo oṣù mẹ́jọ pé, n kò fo ọjọ́ kan. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ó ti tán. Ọkọ mi padà sílé. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ọkọ mi kó àwọn ọmọ dé. Tọ́pẹ́ àti Fẹ́mi sáré bọ́ sí mi lára. Mọ́rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìyá ọkọ mi, ó di aṣọ wọn mú. Mo na ọwọ́ sí i. Wọ́n tì í síwájú, wọ́n ní, "Kí wọn." Ó kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí."

Ó gbà wá ní oṣù púpọ̀. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tó máa ń jí lórí oorun ọ̀sán, tó máa ń wò mí, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá ọkọ mi kiri yàrá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àìsàn lè lọ kó má kó gbogbo ohun tó gbà padà fún yín lọ́jọ́ kan náà.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí. Ara mi yá. Mo sanra padà, àwọn obìnrin ọjà ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọge. Mo ṣì ń ta ata, aṣọ la fi ń bo imú báyìí bí a bá ń tú àpò, gbogbo ìlà wa. Daddy ti yí ìlànà wọn padà: ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀, wọn kì í sì í fún ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ní oògùn ikọ́ mọ́. Àwọn kan ní Daddy ti di onígbèéraga, pé àwọn tún ń tò bíi ti ìjọba. Èmi máa ń tò. Bó bá kàn mí, mo máa ń ní kí wọ́n gbé irinṣẹ́ yẹn sí mi láyà, wọ́n á sì gbé e. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín. Bí ikọ́ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ béèrè ìgo.

Mọ́rẹ̀ ti wà ní Práímárì Mẹ́rin. N kò mọ ẹni tó sọ ìtàn náà fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun, ikọ́ kékeré kan mú mi. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Mummy, ọjọ́ kelòó rèé?"

Mo ní, "Ọjọ́ kìíní ni. Ata ni."

Ó wò mí dáadáa, ó mú ṣíbí rẹ̀, ó ń jẹun lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kó tó kí mi, ó tún béèrè.